Àpótí ẹ̀kọ́ àyíká fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: èwo ló tó owó rẹ̀ nínú ẹrù inú rẹ̀?

Àpótí páálí kan ti gbòde ní ilé ìtàwé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, tí wọ́n ya ewé, labalábá àti ọmọ tó gbé awò sójú sí lára. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá lè fi ohun inú rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ nípa àyíká rẹ̀. Orúkọ tó wà lára páálí náà kì í ṣe ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tú bíi mẹ́ta wò yóò rí i pé ẹrù kan náà ló pọ̀ jù níbẹ̀: awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ike tí wọ́n ń fi kòkòrò sí, òṣùwọ̀n òjò, tẹmómítà, kọ́ńpáàsì, òòfà méjì, ife tí wọ́n tò léra fún sísẹ́ omi, bébà tó ń pàwọ̀ dà bí ó bá kan ohun kíkan tàbí omi eérú, irúgbìn inú ọ̀rá, káàdì ìdọ̀tí tó ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀, àti ìwé ìlànà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹrù yìí la fẹ́ yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, láìfi ti orúkọ ṣe.

Ká má fi ọ̀rọ̀ gùn, òṣùwọ̀n òjò, awò àti ike kòkòrò ló tó ohun tí à ń náwó lé lórí. Òòfà náà kò burú. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù, ohun tó wà ní ilé ìdáná ń ṣe é dáadáa jù ú lọ. Ohun tó sì ba àpótí náà jẹ́ jù lọ ni ìwé ìlànà rẹ̀. Ó hàn gbangba pé ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ni ẹni tó kọ ọ́ ń gbé. Ó ní kí ọmọ kọ ìgbà mẹ́rin inú ọdún sílẹ̀, kí ó wo bí ewé ṣe ń pọ́n kí ó tó wọ́ dànù, kí ó sì gbé òṣùwọ̀n òjò wọlé nígbà òtútù kí omi inú rẹ̀ má baà dì kó fọ́ ọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ọyẹ́, kò dárúkọ ẹ̀fọn, kò sì mọ̀ pé òjò kan wà tó ń rọ̀ tí títì fi ń di odò. Tíṣà tó bá tẹ̀ lé e bó ṣe wà yóò rò pé irinṣẹ́ ni kò dára.

Òṣùwọ̀n òjò ni kí ẹ kọ́kọ́ mú jáde. Ife ike gígùn kan ni, ó ní ṣóńṣó nísàlẹ̀ tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, wọ́n sì fa ìlà mìlímítà sí i lára. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ àti inú rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, bí omi bá dé ìlà 10, mìlímítà 10 ni òjò rọ̀, rúlà lásán lè jẹ́rìí sí i. Èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju inú rẹ̀ lọ, ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà síra ju ti rúlà lọ, torí omi tí ẹnu fífẹ̀ gbà ló ń kó jọ sínú ihò tóóró. Bí ẹnu bá fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 10, tí inú sì fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 5, omi yóò ga ní ìlọ́po mẹ́rin, torí náà ìlà mìlímítà 10 gbọ́dọ̀ wà ní sẹ̀ńtímítà 4 sókè. Àwọn kan wà lọ́jà tí ẹnu wọn fẹ̀ báyìí, tí ìlà wọn sì tún jẹ́ ti rúlà. Irọ́ ìlọ́po mẹ́rin ni irú wọn ń pa fún ọmọ. Ẹ mú rúlà lọ́wọ́ tí ẹ bá ń lọ rà á.

Ibi tí wọ́n rì í mọ́ ló ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ jù. Ìdí ògiri ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń fi í sí kí ewúrẹ́ má baà gbé e ṣubú, omi orí páànù á wá máa dà sínú rẹ̀, tàbí kí ògiri gba òjò tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ó jìnnà sí ilé tàbí igi ní ìlọ́po méjì gíga ohun náà: ilé tó ga ní mítà 4, kí òṣùwọ̀n jìnnà sí i ní mítà 8. Ti ewúrẹ́ kò ṣòro, ẹ so ó mọ́ òpó oparun kúkúrú, kí ẹnu ike yọ díẹ̀ lórí òpó. Ojoojúmọ́ ní àsìkò kan náà ni kí wọ́n máa kà á, kí wọ́n tó lọ tò lówùúrọ̀ ló dára jù. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi dọ́gba pẹ̀lú omi, kí ó ka ibi tí àárín omi gùn sí, torí etí omi máa ń gun ara ike lọ sókè díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó dà á nù pátá. Omi òjò ọjọ́ Ẹtì, Sátidé àti Àìkú tí wọ́n bá kà láàárọ̀ Mọ́ńdé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpapọ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Bí oòrùn bá mú ní Sátidé, á ti fà lára rẹ̀ lọ.

Dídà á nù ojoojúmọ́ yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀, tanwíjí tó wà nínú rẹ̀ á ti di ẹ̀fọn, ilé-ìwé á wá máa sin ẹ̀fọn lórúkọ sáyẹ́ńsì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí tanwíjí níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ má tíì dà á nù: ẹ fa díẹ̀ sínú ife funfun, kí àwọn ọmọ fi awò wo bó ṣe ń dorí kodò tí ìrù rẹ̀ ń kan ojú omi láti mí, lẹ́yìn náà kí ẹ dà á sórí iyanrìn gbígbẹ. Ẹ̀kọ́ ìlera tó wà níbẹ̀ ju ohun tó wà nínú odindi ìwé ìlànà náà lọ.

Àléébù òṣùwọ̀n òjò inú àpótí ni pé mìlímítà 35 ló sábà máa ń gbà. Ó tó fún ọ̀sẹ̀ kan ní ilẹ̀ òtútù. Níbí, òjò alẹ́ kan ṣoṣo ní oṣù kẹfà lè kún un kó sì ṣàn dànù, ọmọ á wá kọ 35 sílẹ̀ fún òjò tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀kún omi ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, mìlímítà 187.5 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Yóò kún irú ike yìí ju ìgbà márùn-ún lọ. Nítorí náà, ẹ ní èyí tó tóbi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gé ìgò omi oníke lítà 1.5 níbi tí èjìká rẹ̀ ti parí, ẹ dorí èyí tí ẹ gé kodò sínú ìyókù bí àrọ. Ìdí ìgò kì í tẹ́jú, torí náà ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ bu omi sí i títí omi yóò fi borí òkúta tí yóò sì dé ibi tí ara ìgò ti gún gbọọrọ. Ẹ fi máákà fa ìlà síbẹ̀, òdo nìyẹn. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ẹ lẹ rúlà oníbébà mọ́ ọn pẹ̀lú sẹ́lótéèpù. Ẹnu àrọ àti inú ìgò fẹ̀ bákan náà, nítorí náà ohun tí rúlà bá sọ ni òjò rọ̀. Òkúta ìdí rẹ̀ tún ń jẹ́ kí ó wúwo, atẹ́gùn kò ní gbé e. Lẹ́yìn kíkà, kí wọ́n da omi rẹ̀ nù pátá nítorí ẹ̀fọn, kí wọ́n sì bu omi mìíràn sí i dé ìlà òdo.

Fún prámárì kẹrin sókè, ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ dùn. Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 1 tó sì fẹ̀ ní mítà 1, omi lítà 1 ni. Bí páànù kíláàsì bá gùn ní mítà 8 tó sì fẹ̀ ní mítà 6, òjò mìlímítà 20 yóò da lítà 960 sílẹ̀ lórí rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó lé ní méjìdínlógójì. Ọmọ tó ń pọn omi lọ sí ilé-ìwé á mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ohun kan tún wà tí ìwé ìlànà kò lè mọ̀: òjò wa ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan bí oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án, ọ̀dá kékeré sì ń wà láàárín wọn ní oṣù kẹjọ. Oṣù kẹjọ yẹn gan-an ni ilé-ìwé ń wà ní ìsinmi. Bí kò bá sí ọmọ kan tàbí gáàdì tí yóò máa kà á, àlàfo ni yóò wà nínú àkọsílẹ̀ níbi tó yẹ kí wọ́n ti rí ohun tó wu ni í rí jù lọ.

Ó di orí awò. Ti inú àpótí máa ń jẹ́ ike, ìlọ́po 3 tàbí 5. Ìyẹn ti tó ọmọ prámárì. Èyí tí wọ́n bá kọ 60 sí lára tó sì fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, irọ́ ni, awò tó bá lágbára bẹ́ẹ̀ kò lè fẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ agbára tirẹ̀, ẹ dúró nínú yàrá níwájú ògiri tó kọjú sí fèrèsé, ẹ gbé awò síwájú ògiri náà, ẹ máa fà á sún mọ́ ọn títí àwòrán fèrèsé yóò fi hàn kedere lára ògiri, lódòdì. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín awò àti ògiri ní sẹ̀ńtímítà, kí ẹ fi pín 25. Bí àlàfo bá jẹ́ 5, ìlọ́po 5 ni awò náà.

Bí àwọn ọmọ ṣe ń lò ó kì í dára, ìwé ìlànà sì wà lára ohun tó fà á, torí ọmọ tí wọ́n yà síwájú rẹ̀ na ọwọ́ gbọọrọ, awò wà lókèèrè. Ohun tó tọ́ ni kí awò sún mọ́ ojú, kí ọmọ wá máa gbé ewé tàbí òkúta bọ̀ títí yóò fi hàn. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni kó máa rìn, awò kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú. Ọyẹ́ ni ọ̀tá awò oníke. Eruku tó bà lé e máa ń ha á bí wọ́n bá fi ẹ̀wù nù ún ní gbígbẹ, láàárín táàmù kan awò á ti di bàìbàì. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣan án, kí wọ́n tó fi aṣọ rírọ̀ gbá a. Kí ẹnikẹ́ni má fi wo oòrùn, ojú á lọ síbẹ̀ títí ayé. Kí wọ́n má sì gbé e sílẹ̀ sórí koríko gbígbẹ níta ní ọ̀sán ọ̀gbẹlẹ̀, iná lè ràn.

Ike kòkòrò ni ohun tí ọmọ kì í fẹ́ gbé sílẹ̀. Ife kékeré ni, ìdérí rẹ̀ ni awò, wọ́n sì fa ìlà onígun mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, mìlímítà 5 sí 5, kí ọmọ lè mọ bí kòkòrò ṣe gùn tó. Ìwé ìlànà ní kí wọ́n wá kòkòrò ilẹ̀ òtútù tí a kì í rí. Ẹ gbàgbé ìyẹn, ẹ lọ wá kúlúsọ. Abẹ́ ìbòòji páànù níbi tí òjò kì í dé, ẹ ó rí ihò kéékèèké tó rí bí àrọ nínú iyanrìn. Ẹ fi ṣíbí gbé iyanrìn ìdí ihò náà láti abẹ́, ẹ ṣẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kòkòrò aláwọ̀ eérú tó sanra nídìí á kù sílẹ̀. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ tó jìn tó sẹ̀ńtímítà 3 sínú ike náà, kí ẹ fi sí i. Bí iyanrìn bá tutù, kò ní gbẹ́ nǹkan kan, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń sọ pé tàwọn ti kú. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ tí ẹ kò mì í, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn yípo, yóò máa fi orí da iyanrìn síta, ihò náà á máa jìn. Ẹ wá ju èèrà kan síbẹ̀. Èèrà á fẹ́ gùn jáde, iyanrìn á máa yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kúlúsọ á sì máa ju iyanrìn lù ú láti ìsàlẹ̀ títí tí yóò fi ṣubú sí ẹnu rẹ̀ tó dà bí ìwọ méjì. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kòkòrò yìí kò tíì dàgbà: tó bá yá, yóò yọ ìyẹ́ gígùn mẹ́rin, yóò sì jọ lámilámi. Lọ́jọ́ kan náà ni kí wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un.

Ihò afẹ́fẹ́ inú ìdérí ike náà kì í sábà ṣí pátá, nítorí wọn kì í gé ike tó kù níbẹ̀ dáadáa. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un. Kí wọ́n má gbé e sí oòrùn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Agbọ́n, àkekèé, ìjàlọ àti kòkòrò onírun tó ń mú ara yún ni, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi ọwọ́ kàn wọ́n.

Tẹmómítà inú àpótí kò yẹ ohun tí wọ́n ń fi yangàn. Omi pupa ló wà nínú rẹ̀, ó ń ka láti dígírì 20 nísàlẹ̀ òdo dé 50. Apá tó wà nísàlẹ̀ òdo kò wúlò fún wa, apá òkè ni kò sì tó. Bí ọmọ bá gbé e lé páànù tó wà nínú oòrùn, tàbí kó tì í bọ omi tíì, omi pupa á gùn dé òkè pátápátá, gíláàsì á là. Bí ó bá ti mì jù nínú ọkọ̀, omi pupa náà máa ń já sí méjì, yóò sì máa ka iye tí kì í ṣe òótọ́. Ẹ fi ìdí rẹ̀ sínú yìnyín tí ẹ fọ́, tí ẹ bu iyọ̀ sí, kí gbogbo omi pupa sọ̀ kalẹ̀ pa pọ̀, kí ẹ wá gbé e dúró lóòró kó máa gùn padà. Kí ẹ tó gbà á gbọ́, yìnyín àti omi lásán nínú ife kan gbọ́dọ̀ fún un ní òdo tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Bí omi inú rẹ̀ bá ń dán bí fàdákà, májèlé ni, ẹ má gbé e dé iwájú ọmọ.

Ìtọ́sọ́nà kan péré ló ṣe pàtàkì nínú lílò rẹ̀: orí rẹ̀ ni kí ọmọ dì mú, kí ó fi sí ibòòji, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó kà á. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń wọ̀n tí wọ́n ń pè é ní ojú ọjọ́. Kí wọ́n fi í wé ara wọn lábẹ́ igi máńgòrò, lórí koríko ibòòji, àti nínú kíláàsì onípáànù tí kò ní sílíìnì, kí wọ́n sì jiyàn lórí ìdí tí wọn kò fi dọ́gba.

Kọ́ńpáàsì àti òòfà, inú ọ̀rá kan náà ni wọ́n máa ń dì wọ́n sí. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣe. Òòfà tó bá sùn ti kọ́ńpáàsì fún oṣù púpọ̀ lè yí agbára abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà, orí pupa tó yẹ kó kọjú sí àríwá á wá máa kọjú sí gúúsù. Ẹ dán an wò láàárọ̀: ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ọwọ́ òsì yín ni àríwá wà. Bí orí pupa bá ń tọ́ka sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ti yí. Kò tíì bàjẹ́, ẹ kàn fi máákà sàmì sí orí kejì. Kí ẹ má sì gbé e lórí tábìlì onírin tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù nígbà tí ẹ bá ń kà á. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ so ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ igi níta kí àwọn ọmọ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá: ti òjò ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ti ọyẹ́ ń wá láti àríwá ìlà-oòrùn.

Òòfà fúnra rẹ̀ wúlò ju bí ìwé ìlànà ṣe sọ lọ. Kí ọmọ fi ọ̀rá wé e kó tó wọ́ ọ nínú iyanrìn gbígbẹ. Èérún dúdú tó ní irin nínú á lẹ̀ mọ́ ọn, tí ó bá sì yọ òòfà kúrò nínú ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ á já sílẹ̀ sórí bébà. Láìsí ọ̀rá, èérún náà kò ní kúrò lára òòfà mọ́. Fún ẹ̀kọ́ ìdọ̀tí, agolo mílíìkì àti ti tòmátò á lẹ̀ mọ́ òòfà, ọ̀pọ̀ agolo mọ́ọ̀tì kò ní lẹ̀. Àwọn tó ń ra irin àlòkù mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí owó wọn kò dọ́gba. Káàdì ìdọ̀tí inú àpótí kò mọ̀ ọ́n: garawa aláwọ̀ mẹ́rin ló yà síbẹ̀, tí kò sí ní àdúgbò ọ̀pọ̀ ọmọ, kò sì ya ọ̀rá pure water kan ṣoṣo.

Ife sísẹ́ omi ló ń dójú ti tíṣà jù níwájú kíláàsì. Èédú inú ọ̀rá rẹ̀ kúnná bí àtíkè, ó ń gba inú òwú kọjá, omi tó jáde á wá dúdú ju èyí tí wọ́n dà sí i lọ. Ẹ lo èédú ìdáná, ẹ fọ́ ọ kó tó hóró àgbàdo, kí ẹ ṣan án dáadáa. Iyanrìn náà, ẹ máa fọ̀ ọ́ títí omi ìfọ̀ rẹ̀ yóò fi mọ́. Òwú ló ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, èédú lé e, iyanrìn lé èédú, òkúta wẹ́wẹ́ lókè. Ẹ po erùpẹ̀ ṣíbí ìjẹun kan sínú omi lítà 1, ẹ dà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ da ife àkọ́kọ́ tó bá jáde nù. Ẹ má bu omi gọ́tà. Omi tó jáde á mọ́ lójú, kò mọ́ nínú: kòkòrò àìsàn ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu ún láìjẹ́ pé wọ́n sè é kó hó. Ìwé ìlànà sọ èyí o, ṣùgbọ́n ojú ìwé tó kẹ́yìn ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà wínníwínní.

Irúgbìn rẹ̀, ẹ fún adìyẹ. Ewébẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni, ooru àti ọ̀rinrin ṣọ́ọ̀bù ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó dé ọwọ́ yín. Ẹ̀wà ọjà ló dára. Ẹ ṣa èyí tí kòkòrò kò gbẹ́, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kó má ju wákàtí 12 lọ, ẹ tẹ́ bébà tútù yí inú ife gíláàsì ká, kí ẹ ki ẹ̀wà sáàárín bébà àti gíláàsì kí àwọn ọmọ lè rí gbòǹgbò. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, gbòǹgbò á ti yọ. Tó bá yọ, ẹ fi ife náà sùn ní ẹ̀gbẹ́, gbòǹgbò á yí padà sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá ń rùn, omi ló pọ̀ jù, ẹ̀wà kò rí afẹ́fẹ́ mí. Bébà tí ẹ bá fún tí omi kò kán, òun ló tó. Ẹ máa rántí pé àwọn kan ń fi oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà, kí ọmọ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kàn án. Àgbàdo tí wọ́n pa láró pupa fún gbígbìn, oògùn ni aró yẹn, kó má dé kíláàsì.

Bébà tó ń pàwọ̀ dà kì í pẹ́, ọ̀rinrin ń bà á jẹ́ lọ́gán tí ọ̀rá rẹ̀ bá ti ṣí. Ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi gbígbóná ife méjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ pín in sí ife mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí èkejì, á pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ẹ bu omi kán-ún sí ẹ̀kẹta díẹ̀díẹ̀, á kúrò ní pupa, á máa lọ sí àwọ̀ ewé. Omi eérú àti omi ọṣẹ ìfọṣọ náà á yí i padà.

Ti èdè ìwé ìlànà: Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré, ọmọ prámárì kejì kò lè dá a kà. Kò sì sí ohun tó ní kí ó rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ńsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Tíṣà tó bá fẹ́ lo àpótí yìí, kí ó kọ ìlànà irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí káàdì kan ní Yorùbá, gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó so ó mọ́ irinṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin òbí tó ní ọmọ kan tàbí méjì nílé, ẹ lè ra odindi àpótí bí owó bá wà. Ilé-ìwé ni mi ò ní gbà nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, torí awò kan kò lè yí ogójì ọmọ ká nínú ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Awò mẹ́jọ, ọmọ márùn-ún sí ọ̀kan, ló ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà lọ. Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n ṣí àpótí kí ẹ tó sanwó: ẹ gbé rúlà ti òṣùwọ̀n òjò, ẹ wo bóyá omi pupa tẹmómítà já, ẹ dá òòfà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńpáàsì kí ẹ wo ibi tí abẹ́rẹ́ kọjú sí, ẹ gbé awò sójú iná kí ẹ wo bóyá ó ti ha. Bí ọlọ́jà bá kọ̀, àwọn tó ń ta ohun èlò láàbù fún ilé-ìwé girama ń ta awò, òòfà àti tẹmómítà lẹ́yọ lẹ́yọ, tẹmómítà tiwọn sì sábà máa ń ka dé 100.